Postgres ò mọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Owé, Kàbbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Kàbbà. Àgbẹ̀ kajú ló pọ̀ jù nínú wa, àwọn tó ń ta epo pupa àti iṣu ló tẹ̀ lé wọn. Inú ìwé ńlá la ti ń kọ owó tẹ́lẹ̀, a wá bọ́ sí Excel. Lọ́dún tó kọjá ni mo kó gbogbo rẹ̀ sínú Postgres, ètò dátàbéèsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sínú tábìlì, lórí láptọ́ọ̀pù kan tó ń lo Ubuntu. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ò ní wá béèrè owó ọdọọdún lọ́wọ́ wa, iṣẹ́ náà sì ń lọ dáadáa.

Ohun tó gbé mi wá rèé. Nípàdé oṣù tó kọjá, mo tẹ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìyá kan tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọ wá tiwọn títí, wọn ò rí i. Wọ́n wo ibi O, wọ́n wo ibi P. Ni wọ́n bá yíjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn: "Akọ̀wé, ṣé ẹ ti yọ mí kúrò ni?" Ìsàlẹ̀ pátápátá ni orúkọ wọn wà, lẹ́yìn Y, níbi tí gbogbo Ẹ, Ọ àti Ṣ kó ara wọn jọ sí. Ojú tì mí gan-an.

Mo délé, mo tún rí èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá yìí ní àkọsílẹ̀ méjì. Owó oṣù mẹ́rin wà lábẹ́ ọ̀kan, ti oṣù méje wà lábẹ́ èkejì. Orúkọ méjèèjì rí bákan náà lójú mi, àmọ́ tí mo bá fi `=` wá ọ̀kan, èkejì kì í jáde. Ìdí rèé tí a fi sọ fún wọn nígbà tí wọ́n wá yá owó pé ohun tí wọ́n ti dá kò tíì tó. Ó sì ti tó.

Ẹnì kan ní kí n yọ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ, kí n máa kọ Obafemi, kí n máa kọ Bola, kí gbogbo ẹ̀ tán síbẹ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìyàrá

Akọ̀wé, ẹ kú làálàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ àmì kankan lára orúkọ tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ohun tí Postgres rí ló kà fún yín. Ẹ kọ́kọ́ fi èyí wo àkọsílẹ̀ ìyá náà méjèèjì:

```
SELECT id, length(oruko),
       encode(convert_to(oruko, 'UTF8'), 'hex')
FROM omo_egbe WHERE id IN (41, 207);
```

Ẹ fi nọ́ńbà tiwọn sí ibi tí mo kọ 41 àti 207 sí. Ó dá mi lójú pé ohun tó máa jáde kò ní jọra.

Ẹ jẹ́ kí n fi Bọ́lá ṣàpẹẹrẹ. Lẹ́tà mẹ́rin ni lójú wa. Àmọ́ Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí ẹ̀rọ, fún lẹ́tà “ọ” ní àyè tirẹ̀, ó fún lẹ́tà “ó” náà ní àyè tirẹ̀, kò wá sí àyè ẹyọ kan fún “ọ́” tó gbé àmì sókè tó tún gbé e sísàlẹ̀. Nítorí náà, fóònù kan á kọ lẹ́tà “ọ”, á wá fi àmì ohùn lé e lórí, ẹ̀rọ á sì tọ́jú rẹ̀ báyìí: `e1bb8dcc81`. Fóònù mìíràn á kọ lẹ́tà “ó”, á wá fi àmì sí i lábẹ́: `c3b3cca3`. Ẹ̀kẹta á tú gbogbo rẹ̀ ká, o lọ́tọ̀, àmì abẹ́ lọ́tọ̀, àmì òkè lọ́tọ̀. Tí ẹ bá béèrè `length` Bọ́lá, ti àkọ́kọ́ àti ìkejì á ní 5, ẹ̀kẹta á ní 7. Àwọn tó ní 5 yẹn gan-an kò dọ́gba. Kò sí ojú tó lè rí ìyàtọ̀ wọn lórí bébà.

Láti ẹ̀dà 13, tó jáde ní 2020, Postgres ti ní `normalize` tó ń dá gbogbo wọn padà sí ọ̀nà ìkọ̀wé kan ṣoṣo tó ń jẹ́ NFC. Àmì kankan ò ní sọnù:

```
UPDATE omo_egbe SET oruko = normalize(oruko, NFC)
WHERE oruko IS NOT NFC NORMALIZED;
```

Kí ẹ tó ṣe é, ẹ tẹ `SHOW server_encoding;`. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ UTF8 (ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà tọ́jú lẹ́tà Unicode), bí bẹ́ẹ̀ kọ́, `normalize` kò ní ṣiṣẹ́.

Ti àná nìyẹn tún ṣe. Fún èyí tó ń bọ̀ lọ́la, ẹ fi olùṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà:

```
CREATE FUNCTION to_oruko() RETURNS trigger
LANGUAGE plpgsql AS $$
BEGIN
  NEW.oruko := normalize(NEW.oruko, NFC);
  RETURN NEW;
END $$;

CREATE TRIGGER to_oruko BEFORE INSERT OR UPDATE ON omo_egbe
FOR EACH ROW EXECUTE FUNCTION to_oruko();
```

Látìgbà náà lọ, ẹni yòówù tó bá kọ orúkọ wọlé, láti fóònù yòówù, ọ̀nà kan náà ló máa gbà wọlé.

Ti títò orúkọ kò le rárá. Ètò álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ti wà nínú rẹ̀ látẹ̀yìnwá, ẹ kàn ò tíì pè é ni:

```
SELECT oruko FROM omo_egbe ORDER BY oruko COLLATE "yo-x-icu";
```

Ẹ á rí Ẹ lẹ́yìn E, Ọ lẹ́yìn O, Ṣ lẹ́yìn S. GB pàápàá á dúró ní àyè tirẹ̀ lẹ́yìn gbogbo G, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ `\dOS yo*` nínú psql, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Postgres, láti rí i pé ó wà lórí ẹ̀rọ yín.

Ọmọ Owé, Kàbbà

Ha! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dán an wò ni. Ọ̀kan ní `e1bb8d`, èkejì ní `cca3`. Ó ti tó oṣù mélòó tí mo ti ń wo orúkọ méjì yìí!

Bàbá Mọpà

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Ìyàrá, o ṣeun, o là á yéni yékéyéké. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi kún un.

Èkíní, akọ̀wé, má kánjú da àkọsílẹ̀ pọ̀. Lẹ́yìn tí o bá tún orúkọ ṣe, wàá rí ọ̀pọ̀ orúkọ tó dọ́gba, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ni èèyàn kan náà. Ní ilẹ̀ Okun níbí, ẹni mẹ́ta lè jẹ́ Ọbáfẹ́mi ní àdúgbò kan ṣoṣo. Wo nọ́ńbà fóònù, wo orúkọ baba, béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún. Tó bá wá dá ọ lójú, owó ni kí o kọ́kọ́ ṣí lọ sábẹ́ nọ́ńbà tó máa dúró, lẹ́yìn náà ni kí o pa èkejì rẹ́. Fi `BEGIN` ṣíde, ka iye owó náà ṣáájú, tún un kà lẹ́yìn. Tí iye méjèèjì ò bá dọ́gba, tẹ `ROLLBACK`, ohun gbogbo á padà sí bó ṣe wà.

Nígbà tí a sì ń sọ ti fóònù, ṣé `text` lo fi ń kọ nọ́ńbà wọn? Tó bá jẹ́ `integer` ni, òdo iwájú 0803 ti lọ nìyẹn. Owó náà, `numeric` ni, má fi `float` kọ ọ́ láé. Ojoojúmọ́ ni kọ́bọ̀ á máa jò nínú `float`.

Èkejì, mo fẹ́ kí o mọ ìdí tí ohun tí Ọmọ Ìyàrá ṣe yìí fi ṣeé ṣe. Ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Postgres ní 1986, Michael Stonebraker ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Ìgbà náà, àwọn dátàbéèsì mọ nọ́ńbà, wọ́n mọ ọ̀rọ̀, wọ́n mọ ọjọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí síbẹ̀. Ohun tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ni dátàbéèsì tí ẹni tó ń lò ó lè kọ́ ní nǹkan tuntun. SQL gan-an, èdè tí a fi ń kọ àwọn àṣẹ wọ̀nyí, kò tíì sí nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Andrew Yu àti Jolly Chen ló fi í sí i ní 1994, ó sì di PostgreSQL ní 1996. Títí dòní, inú tábìlì ni Postgres ń kọ ìmọ̀ tó ní nípa ara rẹ̀ sí. Tẹ `SELECT count(*) FROM pg_proc;`, wàá rí iye function (àṣẹ tó ní orúkọ, bíi `normalize`) tó mọ̀. Èyí tí ìwọ fúnra rẹ kọ wà nínú tábìlì yẹn kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn tó dá a sílẹ̀. Kò sí pé ti àlejò yàtọ̀ sí ti onílé.

Ìdí nìyẹn tí inú mi ò fi dùn sí ẹni tó ní kí o gé orúkọ àwọn èèyàn rẹ kúrú kí ẹ̀rọ lè gbà á. Ẹ̀rọ yìí gbẹ̀kọ́. Kọ́ ọ.

Ọmọ Owé, Kàbbà

Ẹ ṣeun, Bàbá. `text` ni fóònù, `numeric` ni owó, Ọlọ́run ló yọ mí.

Ó ku ọ̀kan. Akápò wa kì í fi àmì kankan tẹ orúkọ, fóònù rẹ̀ kékeré ni. Tó bá tẹ "obafemi", kò ní rí Ọbáfẹ́mi. Ìlú náà ńkọ́? Ọ̀kan kọ Kabba, ọ̀kan kọ Kaba, ọ̀kan kọ Kàbà.

Ọmọ Ìyàrá

Ẹ jẹ́ kí orúkọ wà bó ṣe wà, kí ẹ wá fi òjìji rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fún wíwá. Òjìji yẹn lẹ lè bọ́ gbogbo àmì lára rẹ̀. Èyí ń fẹ́ ẹ̀dà 14 sókè:

```
CREATE FUNCTION pa_ami(t text) RETURNS text
LANGUAGE sql IMMUTABLE STRICT PARALLEL SAFE
RETURN lower(regexp_replace(normalize(t, NFD),
             '[\u0300-\u036f]', '', 'g'));

ALTER TABLE omo_egbe ADD COLUMN oruko_wiwa text
  GENERATED ALWAYS AS (pa_ami(oruko)) STORED;
```

`NFD` máa tú lẹ́tà àti àmì rẹ̀ ká, `regexp_replace` á gbá àwọn àmì náà dànù, á wá ku lẹ́tà lásán. Akápò á tẹ "obafemi", Ọbáfẹ́mi á jáde, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo àfikún (extension) kan tó ń jẹ́ `unaccent`. Ó dára, mo ti lò ó rí. Àmọ́ `STABLE` ni wọ́n pe function rẹ̀, kì í ṣe `IMMUTABLE` (èyí tí èsì rẹ̀ kì í yí padà láé), torí pé ẹnikẹ́ni lè yí ìwé òfin tó ń tẹ̀ lé padà. Nítorí náà, Postgres kò ní gbà kí ẹ fi ṣe index (atọ́ka tó ń mú kí wíwá yá) tàbí òpó (column) tó ń ṣírò ara rẹ̀ bí èyí. Ọ̀sán kan gbáko ni mo fi jà pẹ̀lú rẹ̀ kí n tó mọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ yọ àmì ohùn nìkan, kí Ẹ àti Ọ dúró, ẹ fi `[\u0300\u0301\u0304]` rọ́pò èyí tó wà nínú àkámọ́ onígun yẹn, kí ẹ tún fi `normalize` NFC yí gbogbo rẹ̀ ká. Èmi fẹ́ràn èyí fún ìwé atúmọ̀-èdè, torí pé lẹ́tà gidi ni Ẹ, kì í ṣe E tó wọ fìlà. Fún akápò yín, ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀.

Ti Kabba àti Kaba, àfikún tó ń jẹ́ `pg_trgm` ló mọ̀ ọ́n. Ó ń gé ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta, ó fi àlàfo méjì síwájú, ẹyọ kan sẹ́yìn, ó wá ka iye tó bára mu. Kabba ní ègé 6, Kaba ní 5. Mẹ́rin bára mu nínú méje tó yàtọ̀ síra lápapọ̀. Ó jẹ́ 0.57, bẹ́ẹ̀ 0.3 péré ni ààlà tó fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ méjì jọra.

```
CREATE EXTENSION pg_trgm;
CREATE INDEX ON omo_egbe USING gin (oruko_wiwa gin_trgm_ops);

SELECT id, oruko, foonu FROM omo_egbe
WHERE oruko_wiwa % pa_ami('Obafẹmi')
ORDER BY similarity(oruko_wiwa, pa_ami('Obafẹmi')) DESC;
```

Fún ìlú, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ ṣe tábìlì ìlú, kí tábìlì ọmọ ẹgbẹ́ máa mú nọ́ńbà láti ibẹ̀. Ẹ fi ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ sí i. Ìsánlú wa wà ní Yagba East ní Kogi, Isanlu-Isin sì wà ní Kwara. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti da àwọn méjèèjì pọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, tó bá ń falẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń kó nǹkan wọlé, ẹ kan yí `fsync` sí off. Ó máa sáré bí ọ̀kadà.

Bàbá Mọpà

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, jọ̀ọ́, má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. `fsync` ló ń rí i dájú pé ohun tí Postgres kọ ti dórí díìsìkì ní tòótọ́. Kí ó tó fọwọ́ kan tábìlì rárá, ó ti kọ ohun tó fẹ́ ṣe sínú àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní WAL. Tí iná bá lọ lójijì tí bátìrì sì ti kú, nígbà tó bá padà dìde, WAL ló máa kà láti tún ara rẹ̀ ṣe. Pa `fsync`, iná lọ lẹ́ẹ̀kan péré, dátàbéèsì odindi lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Tó bá jẹ́ eré lo fẹ́, `synchronous_commit` ni kí o yí sí off. Tí iná bá lọ, ohun tó wọlé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ lè sọnù, àmọ́ ohun tó kù kò ní bàjẹ́. Síbẹ̀, lórí owó ẹgbẹ́, èmi ò ní fọwọ́ kan èyí náà. Owó tí ìyá kan dá láàárọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ sọnù.

Mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, alaalẹ́ la ń da fódà dátà Postgres kọ sórí fláàṣì, nígbà tí Postgres ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ọkàn wa balẹ̀. Ọjọ́ tí díìsìkì kú, a gbé fláàṣì náà wá, Postgres kọ̀ láti dìde. Ó yẹ kó kọ̀. Apá kan nínú fódà yẹn jẹ́ ti aago mẹ́sàn-án, apá kan jẹ́ ti aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, wọn ò bára wọn mu. Láti orí bébà la ti tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlá la fi ṣe é, ohun tí bébà ò sì ní, a ò rí i mọ́ títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

`pg_dump` ni kí o lò. Postgres lè máa ṣiṣẹ́ lọ, àwòrán ìgbà kan ṣoṣo ló máa yà:

```
pg_dump -Fc egbe > egbe.dump
createdb idanwo
pg_restore -d idanwo egbe.dump
```

Ìlà méjì tó kẹ́yìn yẹn, gbogbo Sátidé ni kí o máa ṣe é. Ka iye ọmọ ẹgbẹ́, ro owó pọ̀, fi wé ti gidi, kí o wá fi `dropdb` pa idanwo rẹ́. Fláàṣì kan lọ́dọ̀ rẹ, ọ̀kan nílé alága.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ má bínú, Bàbá. Mo gbọ́. Èmi náà ti pa á lórí tèmi, mo ń lọ ṣí i báyìí.

Ará Ìsánlú

Níwọ̀n bí ẹ ti ní àgbẹ̀ kajú, ṣé ẹ ń kọ bí oko wọn ṣe tóbi tó sílẹ̀? Nítorí ibẹ̀ ni èmi ti bá Postgres dọ́rẹ̀ẹ́. Àfikún kan wà tó ń jẹ́ PostGIS, ilé iṣẹ́ Refractions Research ní Kánádà ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2001. Ó ń jẹ́ kí òpó kan nínú tábìlì jẹ́ oko gidi, pẹ̀lú ààlà rẹ̀. A máa fi fóònù rìn yí oko ká, a kó àwọn àmì igun rẹ̀ wọlé, `ST_Area` á sọ bó ṣe tóbi tó.

Ọ̀fìn méjì ni mo já sí. Àkọ́kọ́, ìlà-oòrùn ló ń ṣáájú, àríwá ló ń tẹ̀ lé e. Kàbbà jẹ́ `ST_MakePoint(6.07, 7.83)`. Tí ẹ bá yí i padà, ẹ ti gbé oko Kàbbà lọ sí Ẹ̀bọ́nyí.

Èkejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá fi `geometry` lásán kọ ọ́ pẹ̀lú 4326, nọ́ńbà ètò ìlà-oòrùn àti àríwá tí GPS fóònù ń lò, ìwọ̀n tí `ST_Area` máa fún yín kì í ṣe mítà rárá, ìdiwọ̀n degree ni. Wọ́n á wá ní kí ẹ lo UTM, ètò tó ń fi mítà wọn ilẹ̀, tó sì pín ayé sí ẹ̀ka tí ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 6°. Àmọ́ ìlà 6° tó pín UTM 31 àti 32 gba àárín ilẹ̀ wa kọjá. Kàbbà bọ́ sí 32, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ bọ́ sí 31. Ẹgbẹ́ tó ní oko níhà méjèèjì á máa ṣi ìwọ̀n wọ̀n. `geography` ni kí ẹ lò, kò bìkítà fún ìlà yẹn, mítà ló sì ń lò:

```
SELECT round((ST_Area(aala) / 10000)::numeric, 2) AS heketa
FROM oko;
```

Bàbá mi ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé oko kajú òun tó hẹ́kítà márùn-ún. 3.4 ni. A jọ rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí wọn ò gbà, 3.4 náà ló tún jáde.

Ọmọ Ìyàrá

Akọ̀wé, tí ẹgbẹ́ mìíràn bá fẹ́ lo `pa_ami` àti `to_oruko` yìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa dà á kọ láti orí WhatsApp. Ẹ sọ ọ́ di àfikún. Fáìlì méjì péré ni. `oruko_yo.control`:

```
comment = 'Titun oruko Yoruba se ati wiwa a'
default_version = '1.0'
relocatable = true
```

Èkejì ni `oruko_yo--1.0.sql`, tí function méjèèjì wà nínú rẹ̀. Ẹ kó wọn sínú fódà `extension` lábẹ́ ibi tí `pg_config --sharedir` bá dárúkọ, ẹ wá tẹ `CREATE EXTENSION oruko_yo;`. Ẹ ò nílò C, ẹ ò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kọ àṣẹ kan, `\h CREATE FUNCTION` nínú psql á sọ fún yín bí dátà bá tilẹ̀ ti tán.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. `pg_dump` kì í kó ohun tó wà nínú àfikún, `CREATE EXTENSION` nìkan ló ń kọ sílẹ̀. Tí láptọ́ọ̀pù bá kú, fáìlì méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ tuntun kí `pg_restore` tó lè parí. Ẹ fi wọ́n sórí fláàṣì pọ̀ mọ́ dump.

Ọmọ Owé, Kàbbà

Okun o. Mo padà wá jábọ̀ ni.

Àkọsílẹ̀ méjì-méjì tí a rí jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Mo ṣe bí Bàbá ṣe wí, mo béèrè lọ́wọ́ oníkálukú. Mẹ́tàlá jẹ́ èèyàn kan náà, mẹ́ta jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní mo fi orúkọ nìkan dà wọ́n pọ̀ ni, owó ẹlòmíràn ni ǹ bá fún ẹlòmíràn. Owó ìyá yẹn ti di ti oṣù mọ́kànlá lábẹ́ orúkọ kan, ìgbìmọ̀ sì ti fọwọ́ sí èyí tí wọ́n fẹ́ yá.

Mo tún lẹ orúkọ mọ́ ògiri lánàá. Wọ́n bá tiwọn lẹ́yìn O, kí wọ́n tó dé P. Wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n wá pè mí. Wọ́n ní orúkọ àwọn ti tọ́ báyìí, àmọ́ àmì tó wà lórí orúkọ ọkọ àwọn, lórí ìlà yẹn kan náà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe bàbá náà. Wọ́n pè é fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti tún un kọ.